Orúkọ Tí Àgádágodo Kò Mọ̀

Àgádágodo kì í bínú sí ẹnikẹ́ni. Ohun tí Ṣóbọ̀wálé máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Ipara nìyẹn. Eyín kékeré mẹ́rin tàbí márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, ìrìn kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀, kọ́kọ́rọ́ tó bá mọ ìrìn yẹn ni wọ́n ń yà lọ́nà fún. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n, ì báà jẹ́ wúrà, yóò dúró síta.

Lójú àwọn ará Ipara, ẹni tó ń tún àgádágodo ṣe ni. Tábìlì rẹ̀ wà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, àwọn irin tó fi ń yún kọ́kọ́rọ́ sì tò sórí rẹ̀ láti kékeré dé ńlá. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń wá tí kì í mú àgádágodo dání. Orúkọ ni wọ́n ń mú wá. Àwọn yẹn ni ó máa ń mú wọ inú yàrá ẹ̀yìn.

Yúnúsà mú orúkọ wá ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí ọyẹ́ ti sọ ojú ọ̀nà di funfun.

"Mo ti pè é lẹ́ẹ̀kan, kò mì," ni Ṣóbọ̀wálé wí. "Ìwọ tí ẹ jọ dàgbà, pè é."

Yúnúsà tẹ̀ síwájú. Àgádágodo dúdú kan wà lórí aṣọ funfun, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Wọ́n ti fi nǹkan pa á lára, ó ń rùn bí àdí àti ẹ̀jẹ̀ àtijọ́. Ó gbé ẹnu sún mọ́ ọn.

"Kareemat, ọmọ Ràbíátù."

Apá irin rẹ̀ mì. Ó rọra ń sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó. Ó dé àárín, ó dúró.

"Kí ló dé tí kò tì?"

"Ẹni tí o pè kò sí lókè eèpẹ̀."

Yúnúsà rẹ́rìn-ín, ó sì rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, mo kí i láàárọ̀ yìí. Ó fi mí ṣẹ̀sín níwájú oníbàárà, ó ní n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín obì àti òkúta."

"N kò sọ pé obìnrin tí o rí kò sí láyé. Mo ní ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yìí, tí ìyá yìí bí, ilẹ̀ ti gbé e. Ó sì ti pẹ́."

"N kò ní kó kú o." Ìgbà kẹta tí Yúnúsà ń sọ ọ́ láti ìgbà tó ti dé nìyẹn. "Kí ohùn rẹ̀ kàn lọ ni. Ohùn yẹn ló fi ń darí ìsọ̀ lé mi lórí."

Ṣóbọ̀wálé fa etí aṣọ funfun náà bo irin náà mọ́lẹ̀. "Ènìyàn méjì lo pè. O pe ọmọ, o pe ìyá. Ọmọ kò dáhùn. Lọ wádìí orúkọ rẹ̀ wá. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí o bá tún pe èyí tí kì í ṣe tirẹ̀, ọrùn ẹni tó pè é ni yóò wá."

*

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, nínú ìsọ̀ obì kan ní Makun ní Ṣàgámù, okùn ẹnu apẹ̀rẹ̀ obì mẹ́ta tú fúnra wọn.

Kareemat ló kọ́kọ́ rí i. Ó dá a lójú pé òun so wọ́n. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni, inú ìsọ̀ yìí ló sì dàgbà sí. Kò sí ohun kékeré lójú rẹ̀ nínú iṣẹ́ obì. Wọ́n á rẹ obì sínú omi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rọ̀, wọ́n á bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi ewé bò ó kí ó làágùn fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣà á: pupa níbí, funfun lọ́hùn-ún, èyí tí kòkòrò ti lu lọ́tọ̀. Wọ́n á tẹ́ ewé tútù sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á to obì sí i, wọ́n á fi okùn di ẹnu rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá dì dáadáa á dé Kano láì gbẹ.

Kókó tí Kareemat ń so kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Okùn á yí ara rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì, á gba abẹ́ ara rẹ̀ kọjá, ìrù rẹ̀ á sì sá pamọ́ sínú. Bí o bá ń fà á láti ìta, ṣe ni yóò máa le sí i. Bí o bá fi ìka kan wá ìrù rẹ̀, tí o fà á, gbogbo rẹ̀ á tú lẹ́ẹ̀kan náà. Alhaja Ràbíátù, ìyá rẹ̀, ló kọ́ ọ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje.

"Kì í ṣe tèmi o," ni ìyá náà wí lọ́jọ́ yẹn. "Mo kàn ń bá ẹnì kan tọ́jú rẹ̀ fún ọ ni."

Kareemat bi í pé ta ni. Ìyá rẹ̀ ní kó lọ fọ ewé.

"Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ tú okùn yìí?" ó béèrè báyìí.

Alhaja kò gbọ́. Oníbàárà Hausa kan láti Sábó ló ń bá ṣeré. "Mallam, ojú rẹ gbẹ bí obì èṣí," ó ń wí. "Àbí ìyàwó rẹ kì í fi ewé bò ọ́..."

Ó dákẹ́. Ẹnu rẹ̀ ṣì ń lọ. Mallam ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúró kí àwàdà náà parí. Àwọn obìnrin tó ń ṣa obì gbójú sókè. Ètè Alhaja ń lọ, kò sí ohùn kankan níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí ká inú ìsọ̀ bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ lójijì.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ sílé, àgádágodo ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ kò tì. Kareemat tẹ̀ ẹ́, ó fi òkúta lù ú. Ó ń dé àárín, ó ń dúró.

*

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n tan iná wo ọ̀fun Alhaja, wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹta, Kareemat pe Alfa Tawfiq wá sílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni Alfa náà, ó sì máa ń pe Kareemat ní ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó síwájú mi."

"Èmi kọ́ lara mi ò yá, Alfa. Mọ́mì ni."

"Ohun tó wà lọ́rùn Alhaja kò mọ̀ wọ́n rí. Ṣe ló ṣìnà wá sọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀yin ni wọ́n rán an sí. Bí mo bá kọ orúkọ yín sára wàláà, tí mo fọ̀ ọ́, tí ẹ mu hàntú rẹ̀, á mọ̀ pé ọ̀nà ibẹ̀ ti dí, á sì padà síbi tó ti wá. Orúkọ yín, àti ti ìyá yín?"

"Ẹ̀yin náà! Ẹ sáà mọ̀ wá. Kareemat. Ràbíátù."

Ó kọ ọ́. Ó bu omi sí wàláà náà lórí. Yíǹkì tí wọ́n fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kì í pẹ́ ṣí lára igi. Ìdí tí wọ́n fi ń lò ó nìyẹn. Àwọn àdúrà tó yí orúkọ náà ká ṣàn sínú abọ́. Orúkọ náà kò ṣàn. Alfa fi ọwọ́ ra á, ó ra á títí ìka rẹ̀ fi pọ́n. Orúkọ náà dúró síbẹ̀, ó dúdú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Alfa gbé wàláà lé ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn lẹ́tà náà ṣe ìṣirò lórí ìka. Nígbà tó ṣe tán, kò wo Kareemat. Alhaja ló ń wò.

"Ẹni yìí kò hu eyín rí láyé," ó rọra wí. "Alhaja, orúkọ ta ni mo ń kọ?"

Alhaja fi ìborùn bojú. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Kareemat kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹkún tí kò ní ohùn máa ń ba ènìyàn lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀.

*

Yúnúsà ti gbọ́ ohun tó ṣe Alhaja. Kò sì tíì lọ wò ó.

"Ìyá tó wò yín dàgbà," ni Kàúsárà, ìyàwó rẹ̀, wí. Ó ń ro ògì tí yóò gbé lọ fún Alhaja. "Kí ni wọ́n ṣe yín tí ẹ ò lè yọjú sí wọn?"

"Wọ́n wò mí dàgbà. Wọ́n sì nà mí dàgbà."

"Ta ni wọn ò nà láyé ìgbà yẹn?"

"Kareemat."

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú rẹ̀, ó jáde bí omi tó ya kòtò. "Èmi àti ẹ̀ la jọ fọ́ ìkòkò tí wọ́n rẹ obì sí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, òun márùn-ún. Mo jẹ pàṣán méjìlá. Ó wá kàn án. Alhaja gbé pàṣán sókè, ọwọ́ wọn dúró sókè bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ pàṣán nù, wọ́n bú sẹ́kún. Látọjọ́ yẹn títí dòní, n kò rí kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Nígbà tí Bàbá Lìádì, ọkọ wọn, sì fẹ́ kú, wọ́n ní ọmọ àwọn, ẹ̀jẹ̀ àwọn, ni kó jókòó sí ìsọ̀. Èmi ọmọ àbúrò wọn, èmi tí mo jẹ pàṣán, èmi ni mo ń ru apẹ̀rẹ̀."

Àánú rẹ̀ ṣe Kàúsárà. Ó fi àwàdà sí i kí ojú ọkọ rẹ̀ lè là. "Ọmọ tí a kì í nà. Àbí Àìná ni, tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé? Àwọn nìyá mi ní a kì í nà."

Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ro ògì lọ. Yúnúsà ti dìde. Ó ń rántí ọrùn Kareemat: ẹ̀gbà ọrùn wúrà tí Lìádì rà fún un nígbà ìgbéyàwó rẹ̀, ọrùn ọwọ́ ló wé e mọ́, híjáàbù tí kì í fún mọ́ abẹ́ àgbọ̀n, ọjọ́ tí òun fi ṣeré ju okùn sí i lọ́rùn nígbà èwe, tó dákú.

Ó jáde sẹ́yìnkùlé, ó pe Ipara lórí fóònù. "Bàbá, mo ti rí i. Àìná ni."

Ó gbọ́ irin tó ń yún irin ní òdìkejì, kò dáwọ́ dúró.

"Àìná ọmọ ta ni?"

*

"Mọ́mì, ta ni mí?"

Alhaja la ẹnu. Èémí nìkan ló jáde. Kò kọ́ ìwé, kò lè kọ ohunkóhun sílẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá na ọwọ́ sí okùn apẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn. Ó so kókó náà, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó gbà á lábẹ́, ó fi ìrù rẹ̀ pamọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé okùn náà, jẹ́jẹ́, ó fẹ́ fi kọ́ Kareemat lọ́rùn.

Kareemat fò sẹ́yìn, ó kọlu ògiri. 

Alhaja mi orí: bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó pa apá méjèèjì pọ̀ bí ẹni tó gbé ìkókó, ó wá na ìka sí ilẹ̀. Ó gbé okùn náà lé Kareemat lọ́wọ́, ó nawọ́ sí ìhà ibi tí Irolu wà.

Ẹnì kan ṣoṣo ni Kareemat mọ̀ ní Irolu. Mama Ṣùkúrátù ni, tó bá wọn ṣa obì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tó fi padà sílùú rẹ̀.

*

Kò pẹ́ tí Kareemat lọ tán tí Yúnúsà wọlé. Orúkọ ìyá tó bí Àìná ló ń wá. Ó ti ronú bí yóò ṣe fi ọgbọ́n wá a: yóò máa dárúkọ àwọn obìnrin ìgbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa wo ojú Alhaja.

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Itọ́ ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ìyá arúgbó náà, nítorí kò lè gbé e mì mọ́. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń há sí i lójoojúmọ́. Kí Yúnúsà tó sọ̀rọ̀, ọwọ́ Alhaja ti bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń ra á láti òkè dé ìsàlẹ̀, níbi tí pàṣán máa ń bà nígbà náà.

Orí Yúnúsà wálẹ̀ sórí ibùsùn. "Alhaja mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin kọ́ ni mo rán an sí. Ṣóbọ̀wálé tó ń tún àgádágodo ṣe ní Ipara... ẹ jọ̀ọ́, mo máa lọ bẹ̀ ẹ́ kó ṣí i."

Kàúsárà wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ògì lọ́wọ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

*

Mama Ṣùkúrátù ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lábẹ́ òrùlé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ nígbà tí ọ̀kadà já Kareemat sílẹ̀. Kareemat kúnlẹ̀, kò tíì kí i tán tó ti fi okùn náà lé e lọ́wọ́. Àtàǹpàkò arúgbó náà rìn yí kókó náà ká. Ó rí ìrù rẹ̀, ó fi ìka kan fà á. Ó tú.

"Ta ló so èyí?"

"Ìyá mi ni, mà. Èmi náà mọ̀ ọ́n so."

"Oyèṣọlá nìkan ló ń so èyí. Ó sì ti pẹ́ nílẹ̀." Ó gbójú tó ṣú náà sókè. "Ta ni ọ́?"

"Ohun tí mo wá béèrè nìyẹn, mà."

Arúgbó náà gbé igbá ẹ̀gúsí kúrò lórí ẹsẹ̀. 

"Bàbá rẹ Lìádì wà ní Kano pẹ̀lú ẹrù obì. Ràbíátù ti bí Kareemat, a ti sọ ọ́ lórúkọ, a ti jẹ ẹran. Ibà gbé e lọ ní ọjọ́ kọkàndínlógún. Èmi àti ìyá rẹ̀ nìkan la wà níbẹ̀. Ràbíátù kò tíì sunkún tán tí Oyèṣọlá fi rọbí láàárín apẹ̀rẹ̀ obì. Ọmọ Irolu níbí ni, ó ń bá wa ṣa obì, kò lọ́kọ, kò sì dárúkọ ẹni tó fún un lóyún. Ìwọ lo jáde. Ìwọ́ yí ọ lọ́rùn lẹ́ẹ̀mejì, o dúdú bí ìdí ìkòkò. Èmi ni mo tú u. Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ kò dá. Ó wo ojú rẹ, ó ní, 'Àìná.' Kò sọ òmíràn mọ́."

Kareemat gbé ọwọ́ lé ọrùn ara rẹ̀.

"Ọmú Ràbíátù ń sun, kò lọ́mọ. Ìwọ ní ẹnu, o ò ní ọmú. Ta ni yóò pẹ́ kó tó mọ ohun tó kàn? Ó tẹ́ ọmọ tirẹ̀ sí Oyèṣọlá láyà, ó fi aṣọ kan ṣoṣo wé àwọn méjèèjì. Àwọn ará ilé Oyèṣọlá sin wọ́n pọ̀. Wọ́n ní ìyá àti ọmọ ló jọ lọ."

Ó mú un lọ wo ibẹ̀. Ilé àwọn ará Oyèṣọlá ti wó. Lẹ́yìn ògiri tó kù, òkúta mẹ́rin ló yí ojú oórì ká nínú koríko. Kareemat dúró níbẹ̀, kò mọ èwo nínú àwọn tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kí.

Fóònù rẹ̀ dún. Kàúsárà ni, ó ń sunkún. Ó sọ ohun tí Yúnúsà ṣe. Ó sọ ibi tó wà. "Ó ti lọ bẹ ọkùnrin náà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa ṣe nǹkan kan. Omi lásán, Alhaja ò lè gbé e mì mọ́. Èémí gan-an ti ń le."

Mama Ṣùkúrátù dì í lọ́wọ́ mú. "Orúkọ tí mo sọ fún ọ yìí, má jẹ́ kó jáde lẹ́nu rẹ níwájú wọn. Àìmọ̀ ọ́n ló bò ọ́ láṣìírí. Bí o bá pè é tán, o ti ṣí aṣọ lára nìyẹn."

*

Yúnúsà wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn ní Ipara nígbà tí Kareemat wọlé. Àgádágodo náà wà lórí aṣọ funfun, apá rẹ̀ ti dé àárín.

"Kò sí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi," ni Ṣóbọ̀wálé ń wí. "Ìwọ lo gbé kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn mìíràn wá tì í. Ó há." Ó gbójú sókè, ó wo Kareemat, ó wo ọrùn rẹ̀. "Ẹni tó ni ín ti dé."

"Kareemat," ni Yúnúsà wí.

"Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀, Bùrọ̀dá Yúnúsà."

Ó jókòó sílẹ̀. Ó bi Ṣóbọ̀wálé bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Ọkùnrin náà dá a lóhùn bí ẹni tó ń bá oníṣẹ́ ọwọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Fi ẹnu ara rẹ pe ara rẹ. Orúkọ rẹ, àti ti ẹni tó bí ọ. Á kọ́kọ́ tì tán. Lẹ́yìn náà, bí o bá mọ ọ̀nà ara rẹ, á ṣí. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ lo máa wà. Ẹni tó bá sì ti pe ara rẹ̀ níwájú irin yìí kò ní lè jẹ́ orúkọ àná mọ́ láé."

"Má pè é," ni Yúnúsà wí. Omijé ti dà pọ̀ mọ́ eruku lójú rẹ̀. "Ó lè gbé ọ lọ. Tí kò bá tiẹ̀ gbé ọ lọ, èmi náà wà níhìn-ín. Mo máa gbọ́. N kò ní lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹbí á pèpàdé, ìsọ̀..."

"Ẹ̀jẹ̀ wọn ni wọ́n ní kó jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ̀jẹ̀ wọn."

Yúnúsà fi etí aṣọ nu ojú.

"Bùrọ̀dá, pàṣán méjìlá yẹn. Èmi náà ń gbọ́ ọ látọjọ́ yẹn. N kò mọ ìdí tí kò fi kàn mí. Mo rò pé wọn ò fẹ́ràn mi tó ni."

Ohun tó bà á lẹ́rù kì í ṣe irin náà. Ẹnu tó fi pe Ràbíátù ní ìyá láti kékeré, ẹnu yẹn náà ni yóò fi sọ pé ìyá náà kọ́ ló bí òun. Ó tẹ̀ síwájú.

"Èmi ni Àìná," ó wí. "Ọmọ Oyèṣọlá."

Ó tì.

Ìmọ́lẹ̀ kúrò nínú yàrá náà. Ohun tútù kan yí i lọ́rùn, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń gbọ́ òórùn ewé tútù àti ti obì tó ń làágùn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó ń fà á, ó sì túbọ̀ ń le. Etí rẹ̀ ń hó. Láti ọ̀nà jíjìn, ó ń gbọ́ igbe Yúnúsà.

Ó wá mọ ohun tó jẹ́. Ó yí ara rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì, ó gba abẹ́ ara rẹ̀ kọjá. Ẹni tó ń fà á láti ìta ló ń mú un le. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó dẹ́kun ìjà. Ó gbé ìka kan ṣoṣo sí ọrùn ara rẹ̀, ó wá ìrù rẹ̀, ó fà á.

Nígbà tí ojú rẹ̀ là, àgádágodo náà ti ṣí gbayawu lórí aṣọ. Ṣóbọ̀wálé ń wò ó bí ẹni tó rí kọ́kọ́rọ́ tí òun kọ́ ló yún un.

*

Ọ̀kadà ń sáré nínú ọyẹ́. Fóònù dún ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́nà, Kàúsárà ń pariwo pé Alhaja ti sọ̀rọ̀, Alhaja ti mu omi. Kò tún dún mọ́.

Nígbà tó dé Makun, wọ́n ti fi aṣọ bo ojú ìyá arúgbó náà.

"Kò ju àsìkò tí omi tí mo gbé kaná fi hó lọ," ni Kàúsárà wí. "Wọ́n mu omi. Wọ́n bi mí níbi tí ẹ wà, mo ní ẹ ti ń bọ̀. Wọ́n ní ó ti rẹ àwọn. Wọ́n wá ní, 'Bá mi sọ fún Àìná pé n kò nà án rí o.'"

Wọ́n sin ín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kẹjọ, ẹbí pàdé, Àìná sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun gbogbo fún wọn, kí Yúnúsà má baà jẹ́ ẹni tí yóò sọ ọ́. Àwọn kan sunkún, àwọn kan ń wo kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ lórí ẹní. Yúnúsà bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ, kò sì lè wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń bẹ̀ ẹ́. Àgádágodo ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ ti ń tì dáadáa. Àìná fúnra rẹ̀ ló tì í, tó gbé kọ́kọ́rọ́ lé Yúnúsà lọ́wọ́. Okùn kan péré ló mú jáde níbẹ̀.

Ní Irolu, ó hu koríko kúrò láàárín òkúta mẹ́rin náà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó kí ìyá rẹ̀. Ó so kókó náà, ó gbé e sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i, bí ẹni tó ń bá ìkókó sọ̀rọ̀.

"Kareemat," ó wí, "mo dá orúkọ rẹ padà. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi lò ó. N kò fà á ya."

Atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́ lórí ògiri tó wó.

"Ìyá rẹ ń bọ̀. Tèmi ló gbé ọ dè é."